Àtẹ́wọ́ Àwọn Aláṣọ Yẹ́lò

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Ọ̀gbẹ́ni Whitlock sọ fún àwọn ọmọ kan tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú. "Bí mo bá ti fọwọ́ kan táì mi, ẹ pàtẹ́wọ́. Bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, ẹ dákẹ́. Iṣẹ́ yín ò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kiyah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wo ẹ̀wù yẹ́lò tí wọ́n bọ̀ sí i lọ́rùn. Wọ́n kọ "Ilé Tuntun La Fẹ́" sí i láyà.

"Davonte, ilé tuntun níbo?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú un wá.

"Èwo ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ àfisétí àbí o ò fẹ́?"

Ó fẹ́ ẹ. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ti ní àfisétí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin láìsí wáyà, òun nìkan ló ṣì ń gbé wáyà kọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Ọ̀gbẹ́ni Whitlock sì ti ṣèlérí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá jókòó títí ìpàdé á fi parí. Kiyah bá wọlé, ó jókòó síwájú.

Kò pẹ́ tí alága ìgbìmọ̀ fi sọ ohun tó kó wọn jọ: ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Whitlock fẹ́ wó àwọn ilé òpópónà Callender, kó kọ́ ilé olówó gọbọi síbẹ̀. Àyà Kiyah já. Òpópónà Callender ni ìyá àgbà rẹ̀, Mama Verlene, ti tọ́ ọ dàgbà. Kó tó mí, ìyá náà ló ń wọlé bọ̀ yìí, òun àtàwọn ìyá ìjọ, tàwọn ti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá lórí.

Kiyah rọra ń yọ́ lọ sábẹ́ àga. Davonte fà á sókè. "Jókòó dáadáa, jàre! Wọ́n á ní a ò pé."

Mama Verlene ti dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n wó ilé bàbá mi, wọ́n ní títì máa gba ibẹ̀. Títì ọ̀hún ò dé ibì kankan títí dòní. Ẹ̀yin aláwọ̀ funfun òdìkejì páàkì ìgbafẹ́, ṣebí ilé tiyín náà ti gbó? Ta ló gbé katapílà wá bá yín rí? Tiyín gbó, ẹ ní ohun àjogúnbá ni. Tàwa aláwọ̀ dúdú gbó, ẹ ní ààtàn ni!"

Òógùn bo Ọ̀gbẹ́ni Whitlock. Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó fẹ́ tú u kí atẹ́gùn ráyè.

Ni àtẹ́wọ́ bá ń dún wàà! Davonte tiẹ̀ ń súfèé. Ọkùnrin náà ń mi orí pé rárá, ṣùgbọ́n táì ti há mọ́ ọn lọ́rùn, bó sì ṣe ń fà á ni wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ kún àtẹ́wọ́. Mama Verlene tẹrí ba fún wọn. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́n tó báyìí." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé.

Alága lu tábìlì. "Ẹ̀yin aláṣọ yẹ́lò, ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an? Ìwọ tó wà níwájú yẹn, dìde."

Kiyah, tó ti dorí kodò látìgbà tí ìyá náà wọlé, dìde. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà rẹ̀ tó rí i, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Tó o bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n," Davonte sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àfisétí wa lọ nìyẹn."

Ojú ti ọmọ náà, ó wá irọ́ tì. "Ẹ jọ̀ọ́, alága mà, Ọ̀gbẹ́ni Whitlock ní táwọn bá ti fọwọ́ kan táì ká máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn máa fún wa ní àfisétí. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n fẹ́ wó. Callender ni mò ń gbé, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o."

Alága wo Ọ̀gbẹ́ni Whitlock látòkè délẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àwọn máa kọ́kọ́ wá sí Callender láti gbọ́ tẹnu àwọn onílé.

Ẹ rò pé Mama Verlene dì mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀? Kò dì mọ́ ọn o. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ló wí bí wọ́n ṣe jáde. "O sọ òtítọ́, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù yẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, Kiyah wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, ìyá àgbà rẹ̀ ní kó fọ àtẹ̀gùn òkúta funfun gbogbo ilé òpópónà Callender fún ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àfisétí ò sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Davonte nìkan ló wá, yẹ̀yẹ́ ló fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n Mama Verlene fi búrọ́ọ̀ṣì kejì lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín ní nǹkan ọ̀fẹ́, ẹ bi í ohun tó fẹ́ gbà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.