Òbí Ni Ká Pa

Ọjọ́ tí Hadassah kọ́kọ́ rí Toheeb, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ló ń ya wèrè. Ètò kan wà nínú ẹ̀ tó ń dákú, tó ń jí, tó tún ń dákú.

Toheeb, ọmọ Ìlọrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà, ó fi èdè Hausa kí i. "Sànnu o, alákùú-jí!"

Hadassah bú sẹ́rìn-ín. Háà, ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ ti gbé e!

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, Màmá Hadassah nìkan ló kù tí ò tíì gbà. Opó ni wọ́n, òun nìkan ni wọ́n bí, wọ́n sì ti búra pé ọmọ àwọn ò ní fẹ́ Mùsùlùmí. Bí wọn ò bá gbà, ó parí nìyẹn, torí Hadassah ò lè fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó sunkún, kí wọ́n tó ní: "Ó dáa, mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Kí n rí i ná."

Toheeb dé ilé wọn ní àdúgbò Life Camp, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ bu oúnjẹ. Inú Hadassah dùn, kò mọ ibi tí yóò fi ara sí.

Àfi bí wọ́n ṣe pe Toheeb láti ibi iṣẹ́ pé ètò ọjọ́sí tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà tó gbé wá. Ètò tó bá ń jí òmíràn dìde, òbí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é, ọmọ ni èyí tó jí; bí wọ́n bá sì dá a dúró, wọ́n ní àwọn pa á nìyẹn.

"Wò ó, olólùfẹ́ mi," ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, "ọmọ là ń pa ṣáá. Bá a ṣe ń pa á ni òbí ẹ̀ ń bí òmíràn. Òbí gan-an ni ká wá, ká pa á, ká sinmi!"

Hadassah rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó gbójú sókè, ó rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́.

"Yéè! Màmá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni o!" Toheeb ń ṣàlàyé, ó ń làágùn. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́, òbí kú, gbogbo ẹ̀ dákẹ́.

Màmá gbé àwo sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó yé mi, ọmọ mi. Irọ́ kọ́ lò ń pa." Wọ́n yíjú sí Hadassah. "Ìwọ tó o rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ta lò ń rò?"

Hadassah tẹrí ba. Nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, Màmá náà ló wá sí i lọ́kàn lóòótọ́. Ojú tì í, ìbànújẹ́ sì dé bá a.

Omijé bọ́ lójú Màmá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Toheeb lórí. "Olúwa á fún ẹ níyàwó tó dáa níbòmíràn."

Toheeb dáhùn: "Àmín, mà." Ta ni àgbà máa ṣàdúrà fún tí kò ní ṣàmín?

Ṣùgbọ́n Màmá ò tíì gbé ọwọ́ kúrò. Hadassah ni wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró dè é.

Hadassah wo Toheeb. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Àmín," ló sọ.