Ọkọ̀ Tó Ń Sọ Òkè Kassam Láìpariwo

Lórí òkè Kassam, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù máa ń dúró sí ra àgbàdo sísun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Lae, Auyo fi omi ṣan ẹnu, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì gbójú sókè sí ẹrù ọkọ̀ rẹ̀.

Igba àpò kọfí ló kó láti ìlú Goroka. Lórí àwọn àpò náà ni obìnrin mẹ́fà jókòó sí pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí wọ́n fẹ́ lọ tà ní Lae. Kimave, ìyá Auyo, wà láàárín wọn.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú lọ́dọ̀ mi."

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Òórùn epo inú ibẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí èébì gbé mi. Wa ọkọ̀ rẹ."

"Kó o sì rọra wà á o," ni Hasu, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ké sí i. "Ọmọ mi ò tíì gbéyàwó. Mo ṣì fẹ́ jó lọ́jọ́ yẹn."

Auyo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, mo ti sọ òkè yìí ju iye ọ̀dùnkún tí ẹ ti jẹ láyé yín lọ."

Ó wọlé, ó ṣáná sí ọkọ̀. Nígbà tó dé kọ́nà àkọ́kọ́ ló ṣe ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́: ó yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, ó fi í sí fíríì, ó jẹ́ kí ẹrù fúnra rẹ̀ máa ti ọkọ̀ lọ.

Àṣà wọn nìyẹn. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wọn dísẹ́lì fún ìrìn àjò, èyí tó bá ṣẹ́kù, ti awakọ̀ ni, àwọn tó ń rà á sì ń dúró dè wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé ẹni tó bá fi fíríì sọ òkè Kassam kò ní fi epo ṣòfò. Auyo ló tiẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ Gimiso, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ kọfí mìíràn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí Auyo fẹ́ràn nínú rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti wà ní fíríì, ẹ́ńjìnì á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ń gbọ́ orin ìsìn tí ìyá rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ lókè. Ó ń bá wọn gbè é ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ bíréèkì ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó sọ̀ dé ìdajì òkè, ó rí pátákó pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó fi ń dá ọkọ̀ dúró níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì náà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lórí rẹ̀. Ọkọ̀ kọjá pátákó náà dáadáa kó tó dúró.

Ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ ọsàn ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó rìn wá. Ó gbé kẹ́tùlù omi dání. Yanam lorúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnì ló sì kọ́ kó tó wọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn yín ni pátákó wa wà o."

"Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀, àbúrò."

"Jíà wo lẹ fi ń sọ̀ bọ̀?"

"Jíà kẹta."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ, kí n gbọ́."

"Mo ní jíà kẹta! Àbí mi ò mọ ọkọ̀ mi ni?"

"Orin àwọn màmá yìí la kọ́kọ́ gbọ́," ni Yanam wí. "Wọ́n kọ odindi ẹsẹ kan tán kí a tó gbọ́ ẹ́ńjìnì yín. Ọkọ̀ tó ru ẹrù báyìí, tó wà ní jíà kẹta lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ńṣe ló máa ń bú. A ò bá má gbọ́ orin kankan. Ṣé oorun ni tiyín ń sùn ni?"

Hasu bú sẹ́rìn-ín lókè. "Ọwọ́ bà á!"

Auyo na búàì mẹ́ta, obì tí wọ́n ń jẹ tí ẹnu fi ń pọ́n, sí ọmọbìnrin náà. "Àbúrò, ará Markham nísàlẹ̀ òkè ni yín, àbí? Ibẹ̀ náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wá. A ti di ẹbí nìyẹn."

"Ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín. Ẹ bọ́ sílẹ̀ wá wo nǹkan."

Ó da omi sí ibi bíréèkì táyà ẹ̀yìn. Ṣììì! Omi náà pariwo, ó di ooru funfun, ó sì ròkè lọ bá àwọn obìnrin náà.

"Kí ló ń jó?" ni Kimave kígbe.

"Kò tíì jó, Màmá. Ó kù díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òfin ò gba èèyàn lórí ẹrù."

Wọ́n ń kùn, wọ́n ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ìyá Auyo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ lókè, èyí tí kò dáwọ́ dúró.

Wọn ò gbọ́ ẹ́ńjìnì rárá. Fèrè nìkan, àti ìró táyà lórí ọ̀dà.

Ọkọ̀ Gimiso yọ ní kọ́nà, èéfín ń rú nídìí gbogbo táyà rẹ̀. Ó gbá pátákó pupa dànù. Auyo rí ojú àbúrò rẹ̀ bó ti ń kọjá: ẹnu là sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí bíréèkì. Ọkọ̀ náà dé kọ́nà tó tẹ̀ lé e, kò yà. Ó lọ kọlu ara òkè.

Fèrè dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ ṣàràrà, bí òjò lórí páànù.

Auyo sáré tí kò mọ̀ pé òun ń sáré. Wọ́n bá Gimiso láàyè, àmọ́ irin ti há ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, egungun sì ti yọ síta.

"Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́," ló ń wí. "Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Lórí àwọn àpò tó fọ́n ká, kò séèyàn kankan. Ọkọ̀ Auyo ló kọ́kọ́ kúrò ní Goroka láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin mẹ́fà fi gùn ún.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Gimiso lọ sílé ìwòsàn, Kimave jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní irú ìwakọ̀ yìí?"

Auyo wolẹ̀. "Èmi ni, Màmá."

Ìyá rẹ̀ kàn ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Nítorí dísẹ́lì ni," ni Auyo sọ fún Yanam. "Kó lè ṣẹ́kù."

Yanam jókòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Tí ọkọ̀ bá wà nínú jíà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ẹ ti ń tẹná mọ́ ọn, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì. Kò mu epo rárá nígbà náà. Ní fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má bàa kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fíríì sọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ ń jó dísẹ́lì."

"Irọ́! Ó máa ń ṣẹ́kù!"

"Ìsọ̀kalẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe wù kí ẹ wà á, yóò ṣẹ́kù. Ẹ́ńjìnì tó wà nínú jíà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, bíréèkì nìkan ló kù, tí bíréèkì bá sì ti gbóná kọjá ààlà, kò ní dì mú mọ́."

Auyo di orí mú. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ẹ̀mí àwọn èèyàn dá epo sí, kò sì dá ẹ̀kán kan ṣoṣo sí.

Yanam àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọkọ̀ Auyo dúró síbẹ̀ títí tí wọ́n fi yẹ bíréèkì rẹ̀ wò pátá. Wọ́n kọ ìwé ìtanràn fún Auyo nítorí àwọn èèyàn tó gbé sórí ẹrù. Kò jiyàn. Bọ́ọ̀sì ni àwọn obìnrin náà bá lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe fi fíríì sọ òkè. Ẹ ti wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, torí ó ṣòro láti wọ̀ ọ́ tí eré bá ti pọ̀. Tí bíréèkì bá rọ̀ tàbí tó ń rùn, ẹ dúró, kí ó tutù, kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin èrò, orí ẹrù kì í ṣe ìjókòó, bó ti wù kí owó ọkọ̀ rọ̀ tó. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ má fi dísẹ́lì tó ṣẹ́kù ṣe ẹ̀bùn fún awakọ̀; ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí òṣìṣẹ́ bá sì dá yín dúró, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti fi àṣà yìí kọ́ ẹlòmíràn, kó wá ẹni náà lọ lónìí, kó sọ fún un pé òun kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.