Ṣájà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àárọ̀ ọjọ́ náà tutù, ó sì dára. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìpamọ́ ti jí, ó ti wẹ̀, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná. Ọkọ̀ náà kì í mu epo. Iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló dá owó jọ tí wọ́n fi rà á, ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi rà á: ojú ìyá wọn ń ṣú, ilé ìwòsàn ojú sì jìnnà.

Aránṣọ ni ìyá náà. Ó ti ran aṣọ ìyàwó, ó ti ran aṣọ òkú, ó ti ran yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ tó ti di ìyá ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí, bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ahọ́n ló fi ń wá ihò rẹ̀. Dókítà ní omi inú ojú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó wá ń ti iṣan ìríran láti inú. Ó ní bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀nba tó kù kò ní lọ. Òní gan-an ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Dókítà ojú tó fẹ́ ṣe é kì í gbé lọ́dọ̀ wọn. Sáà sí sáà ló ń wá, ẹni tí kò bá bá a, ó di sáà mìíràn.

"Bàbá wọn, ṣé a ò ní pẹ́ báyìí?" ìyá béèrè láti ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀.

"Ká pẹ́ kẹ̀? Ọkọ̀ yìí ò lariwo ni, ó lẹ́sẹ̀ dáadáa."

"Ṣé ọkọ̀ ni mo ń bi ni? Ẹ̀yin ni mo ń bi."

Ìpamọ́ rẹ́rìn-ín, ó fa wáyà yọ nídìí ọkọ̀. Wáyà gígùn ni, irú èyí tó ní ihò mẹ́rin lórí, tí èèyàn fi ń tan fáànù àti rédíò pọ̀. Láti ara ògiri ilé ìdáná ló ti gbé e gba ojú fèrèsé jáde. Nígbà tó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó gbóná, ibì kan sì ti dúdú lára rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ká a, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò mọ̀ pé iná ti gé kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló wọ inú ọkọ̀.

Ó sì yẹ kó mọ̀. Dígí ńlá kan wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ iye iná tó kù. Àmọ́ ọ̀rá tó bá ọkọ̀ dé ṣì wà lára dígí náà, orí ọ̀rá yẹn ni ìyàwó rẹ̀ tún bá a ran ìbòrí àrán sí, tó fi léèsì sí létí, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ọ̀rá wà lórí gbogbo ìjókòó pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí ti lé lọ́dún kan nílé.

Wọn ò ṣàdédé sọ ọ́ ní Ìpamọ́. Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tó wọlé rẹ̀ tó tètè rí oòrùn. Abọ́ funfun tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun rí. Bẹ́ẹ̀dì wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tó bá yíra padà lórí rẹ̀, gbogbo ilé á gbọ́. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó tà á fi pọ́ǹpù kan ṣe ènì fún un. Ó gbé pọ́ǹpù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ̀kẹ́ ti gbó, ìpẹta ti jẹ ẹ́ tán, pọ́ǹpù ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn títí dòní. "Ẹ ò rí i?" á wí fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ohun téèyàn bá tọ́jú ló ń tọ́jú èèyàn."

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin tó ta ọkọ̀ iná fún wọn jókòó, tó ń ṣàlàyé ohun tí ilé iṣẹ́ fi ti ọkọ̀ náà lẹ́yìn láìgba owó lé e, Ìpamọ́ ń mi orí, ó ń dúpẹ́. Ọmọ náà ní àwọn á wá kan ṣájà ńlá mọ́ ògiri ilé wọn. Ó fún wọn ní káàdì tí wọ́n lè fi gba iná lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdó ilé iṣẹ́. Ó sọ ti àyẹ̀wò ọdọọdún, ó ní ilé iṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì fún ọdún mẹ́jọ, bó bá bàjẹ́, àwọn ni yóò tún un ṣe, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn wọ́n lókè orí awakọ̀, tí wọ́n á tẹ̀ bí ọkọ̀ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ìpamọ́ kó páálí ṣájà àti káàdì náà délé, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù.

Nígbà tí àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń ṣe olùkọ́ nílùú mìíràn, bi í lórí fóònù pé, "Bàbá mi, ṣájà yẹn ńkọ́?" ó dá a lóhùn pé, "Kò sóhun tó ń ṣe é." Òótọ́ ló sì sọ. Kò sóhun tó ń ṣe ṣájà.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n gba ọ̀nà tuntun tó yí ìlú po, torí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ilé lọ́nà yẹn, ọkọ̀ èrò kì í sì í gba ibẹ̀. Ọ̀rá ń dún lábẹ́ ìyá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yà sí kọ́nà.

"Bí wọ́n bá ṣe é tán," ó ní, "ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìyọ ahọ́n."

"Èmi fẹ́ kí o rí irun mi ni. O ò mọ̀ pé orí mi ṣì dúdú."

"Irun wo? Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀, awọ orí ni mo bá níbẹ̀."

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí nǹkan fi ń ké lábẹ́ ìbòrí àrán. Ìpamọ́ rò pé fóònù ni. Kò pẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti oko dé. Ó rọra darí rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ sì dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó ká àrán sókè, àwòrán bátìrì pupa kan ń ṣẹ́jú sí i lábẹ́ ọ̀rá.

"Bàbá wọn, ọmọbìnrin yẹn ní ká tẹ bọ́tìnnì òkè orí. Ó ní wọ́n á wá gbé wa."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Ìyá wọn, ìṣòro kékeré lèyí. Tá a bá lò ó lónìí, tó wá di ọjọ́ tí nǹkan le ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fúnni nírú ẹ̀. Jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀."

"Ta ló ní ẹ̀ẹ̀kan ni?"

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Púpọ̀ ò dúró. Ọkùnrin kan dúró, ó ní àyè ẹnì kan ló kù lọ́dọ̀ òun, kí ìyá máa bọ̀. Ìyá ní òun ò lè dá lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ojú òun. Ìpamọ́ ní ta ni yóò ṣọ́ ọkọ̀ tuntun? Ọkùnrin náà kí wọn, ó lọ. Oòrùn ń gòkè. Ìpamọ́ ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

Ìyá wà nínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka wá òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ń wá ojú rírán lára aṣọ. Ojú ò rí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ọwọ́ aránṣọ rí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn kan jáde. "Ẹ káàárọ̀ o. A ti rí ibi tẹ́ ẹ wà. Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ fi dé. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn.

"Bàbá, ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti wà níbí?"

Ìpamọ́ wo oòrùn. "Ó ṣe díẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò tètè pè wá?"

"À ń tọ́jú yín ni," ìyá dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé agbọ́kọ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, iye ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni, títí ọkọ̀ á fi pé ọdún márùn-ún. Tẹ́ ò bá sì pè wá rí, lọ́jọ́ tó bá pé ọdún márùn-ún, ó parí náà nìyẹn. Kì í ṣẹ́kù."

Ó gbé ọkọ̀ àti àwọn méjèèjì, ó sáré gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìyá mú. "Màmá, a retí yín títí. A wá mú ẹni tó kàn. Dókítà ti lọ." Ó kọ ọjọ́ mìíràn fún wọn, lẹ́yìn ìgbà òjò, ó sì fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú. "Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan fò yín o. Kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n á bá wa di ojú náà mú díẹ̀."

Nígbà tí agbọ́kọ̀ gbé wọn délé, ojú rẹ̀ lọ síbi wáyà. Ó wọ ilé ìdáná, ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lára ògiri. Ike rẹ̀ ti yọ́. Etí kọ́tìnnì tó wà lórí rẹ̀ ti jó díẹ̀.

"Bàbá, Ọlọ́run ló yọ yín. Fáànù ni wọ́n ṣe wáyà yìí fún. Iná tí ọkọ̀ ń fà ju ti fáànù lọ fíìfíì, wákàtí púpọ̀ ló sì fi ń fà á. Irú ẹ̀ ló ń jó ilé. Ṣájà ògiri ní wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní ohun tó ń gé iná tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, oníná tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kàn án. Tiyín ńkọ́?"

Ìpamọ́ wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ tí ó ń fa nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé páálí náà jáde pẹ̀lú ọ̀rá lára rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀.

Agbọ́kọ̀ yẹ páálí náà wò yíká. "Bàbá, ọdún kan ni wọ́n fi gbà láti wá kàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti kọjá. Káàdì iná náà, ọdún kan. Ṣájà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹni tó máa kàn án."

"Ti bátìrì ńkọ́?"

"Àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fẹ́ máa rí i lọ́dọọdún. Àyẹ̀wò ọdún àkọ́kọ́ ti fò yín. Ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíì tú u lójú ọ̀nà."

Lẹ́yìn tó lọ, Ìpamọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. "Pọ́ǹpù mi ṣì ń ṣiṣẹ́," ó ní, bí ọmọdé tí wọ́n bá wí.

Ìyàwó rẹ̀ wá a kàn, ó jókòó tì í. "Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Irin lẹ gbé pamọ́ nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ lẹ gbé pamọ́. Ọjọ́ kì í dúró sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àkọ́bí wọn dé lọ́jọ́ kejì. Kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí "kò sóhun tó ń ṣe é" kọ́ ni ìdáhùn sí ohun tí òun béèrè, òun ò sì tún un béèrè. Ó pe ilé iṣẹ́, ó bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan: èwo ló kù, ìgbà wo ló máa parí, kí ni a gbọ́dọ̀ máa ṣe kó má bàa bọ́? Ó fi gègé pupa fa ìlà yí àwọn ọjọ́ náà po lórí kàlẹ́ńdà ògiri, níbi tí ẹni tó ń mu tíì á ti máa rí i. Oníná kan ṣájà mọ́ ògiri, wọ́n san owó ohun tí ì bá jẹ́ ọ̀fẹ́.

Nígbà tí òjò tán, dókítà ojú ṣe iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀tún dúró. Ojú òsì ti kú kó tó dé. Dókítà ò fi bò: "Ìyá, ohun tí àìsàn yìí bá ti mú lọ lójú, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Èyí tó kù la gbà sílẹ̀."

Ìpamọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á ki oríṣiríṣi òwú bọ abẹ́rẹ́, á gún wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sórí tìmùtìmù kékeré. Ìyá á jí, á kàn máa fà wọ́n yọ, á máa ránṣọ.

"Bàbá wọn," ó ní lọ́jọ́ kan, "funfun ni mo ní kẹ́ ẹ ki. Dúdú rèé."

"Mo rò pé funfun ni."

"Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà. Ẹ̀yin náà ń lọ yẹ ojú yín wò lónìí."

Kò ní ó di ọ̀la. Ó wọ bàtà. Kí wọ́n tó jáde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó bu oúnjẹ àárọ̀ wọn sínú abọ́ funfun. Ọ̀kan fọ́ nígbà tó ń fọ̀ wọ́n. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ dànù. Ó ti fa ọ̀rá bẹ́ẹ̀dì ya, kò sí ohun tó ń bo dígí inú ọkọ̀ mọ́, ipa ìka sì ti kún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀bùn àtijọ́ ṣe é gbé pamọ́. Tòde òní ní ọjọ́ ikú. Bí o bá ra ọkọ̀ iná, tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ tì lẹ́yìn, má kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á láìbéèrè ohun tó jẹ́ tìrẹ, ìgbà tó máa parí, àti ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí ìwé bá ṣòro, pe ọmọ rẹ kó kà á sókè. Má fi wáyà fáànù bọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o pe àwọn, pè wọ́n. Bí ojú bá sì ń ṣú, má ṣe fi ọjọ́ dókítà dá ọgbọ́n kankan.

Dìde báyìí, kí o lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.