Ohùn Tó Ń Pe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀sán gangan ni, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà, kó lọ bi lọ́yà Ayẹni ní Dùgbẹ̀. Òun náà wà níbẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá sẹ́, ẹ wo ojú rẹ̀.

Ìdùnnú Bùsàrí ni orúkọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá tẹ iṣẹ́ wọn. Latifah ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ìyá wa kú nígbà tó wà ní kékeré, èmi ni mo gbé e dàgbà bí ẹni gbé ẹyin. Èmi náà ni mo fà á lé ọkọ lọ́wọ́ nínú ìdílé Òkè ní Challenge. Abdulmojeed ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Nínú ilé, Latifah ló kù, pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja, àti Mujeeb, àbúrò ọkọ rẹ̀.

Mujeeb ń kó irú àwọn ọ̀rẹ́ kan wálé. Latifah fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé àbúrò mi já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó sì ti kú. Mujeeb ní omi ọṣẹ ló yọ̀ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àtẹ̀gùn náà gbẹ táútáú. Ohun tí mo rí ni ojú ìka lápá àbúrò mi méjèèjì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìjọba pe Mujeeb lẹ́jọ́ ìpànìyàn, mo sì dúpẹ́, nítorí mo ti ń wo okùn lọ́rùn rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní kò sí ẹ̀rí pé ó ti pinnu ikú fún un tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá sọ ẹ̀sùn náà di àìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn. Àìmọ̀ọ́mọ̀! Mo bú sẹ́kún níwájú lọ́yà ìjọba.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ó wí. "Ìyẹn náà lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n gbére."

Mo fara balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá ń fẹ́ láyé: kí Mujeeb fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Bó bá ti sọ ọ́ tán, kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá ti bá nílé, bó tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, ọkọ rẹ̀ ni. Á máa kúnlẹ̀ kí i, kò ní wí fún un pé "ìwọ", á sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí Latifah wọlé ọkọ, àfọ́kù ìgò gún un lẹ́sẹ̀, Mujeeb ló sì fẹ̀sọ̀ yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Latifah ti ń pè é ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Á fa ìparí rẹ̀ gùn, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

Kóòtù kan ní Ring Road ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Suhail lorúkọ rẹ̀, ará Òkè Ọya ni, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bó ṣe dé ilé náà àti bó ṣe bá òkú nílẹ̀. Lójijì ó dákẹ́. Ó kọjú sí Mujeeb.

"Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ooo."

Ó fa ìparí rẹ̀.

Fáànù ń yí lókè, mo ń gbọ́ ọ. Adájọ́ gbé orí sókè.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní olùjẹ́jọ́, Olúwa mi."

Kò mọ̀ pé òun wí ohun mìíràn. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Mujeeb ti di igi àpótí tó dúró sí mú, ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ó fẹ́ jẹ́ ẹ. Alhaja, ìyá rẹ̀, ló yára fi ìka lé ètè láti ibi tó jókòó sí. Mujeeb pa ẹnu dé.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò mọ ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ jẹ́.

Alhaja bá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a jáde.

"Ìdùnnú, kí lo ń ṣe fún ọmọ mi?"

"Èmi kọ́, mà. Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi."

Ó wò mí títí, ó sì ká ìbòrí rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó lọ.

Dókítà tó yẹ òkú wò ló tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìgbò ni obìnrin náà. Ó ní lóòótọ́ ni ẹnì kan di òkú náà lápá mú kó tó kú, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ ẹni tó jẹ́, òun ò sì lè sọ pé títì ni wọ́n tì í. Lọ́yà Ayẹni, tó ń gbẹjọ́ Mujeeb rò, ní kó tún un wí, ó tún un wí. Mo ń gbọ́ bí ẹjọ́ wa ṣe ń jò bí agbọ̀n.

Dókítà náà mu omi. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó yí ojú sí Mujeeb.

"Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ooo. Ẹ kò gbọ́ mi ni?"

Kì í ṣe ohùn dókítà. Ohùn Latifah ni. Láti ìgbà tí èéyi ti ṣe é ní kékeré ni ohùn rẹ̀ ti ha díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sì ṣe gbọ́ ọ. Mo dìde. Wọ́n ní kí n jókòó. Dókítà náà ń wò wá kiri, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí gbogbo wa fi ń wo òun. Mujeeb ti fi eyín gé ètè ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Kò jẹ́ ẹ.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn gidigidi. Mo dé ilé, mo jẹun àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin Latifah. Jẹ́ ẹ, mo ń wí nínú mi. Jẹ́ ẹ, ìkà. Ó pẹ́ ni, yóò rẹ̀ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́yà Ayẹni yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Èkìtì ni, ọkùnrin gíga, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Kò sí iná. Ẹ̀rọ kankan ò dún.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ rí mi."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ sì wá."

Ó fa àga, kò jókòó. Ó ní òun ń ka àròyé tí òun fẹ́ sọ ní kóòtù sókè ní ọ́fíìsì, òun nìkan. Òun ti kà á dé àárín.

"Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi pe orúkọ yẹn," ó wí. "Ẹnu èmi. Ohùn obìnrin."

Mo ń to bébà sórí ẹ̀rọ.

"Kí ni mo lè ṣe sí i?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Kó lọ gba ara rẹ̀."

Ó mi orí. "Ẹni tí gbogbo ayé bá kórìíra ló nílò lọ́yà jù. Bí mo bá sá, ta ni yóò dúró? Ẹni tó bá fẹ̀sùn kan èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, mà. Ìjọba ò tíì fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀."

"Ṣé ẹ gbà pé kò pa á?"

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò bi í rí," ó wí, ó sì jáde.

Àròyé náà ló sọ ní kóòtù. Ó ní kò sí ẹni tó fojú rí i, kò sí ìdí kankan tí oníbàárà òun fi gbọ́dọ̀ bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí wí tẹnu rẹ̀. Adájọ́ ní òun yóò rò ó.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, mo tẹ́tí títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Akọ̀wé kóòtù pe ẹjọ́, ó pe Mujeeb Òkè. Lọ́yà ìjọba dìde, ó pe Mujeeb Òkè. Adájọ́ ń kàwé, ó ń kà á lọ, Mujeeb Òkè, Mujeeb Òkè. Kò sí ohùn. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi: Latifah, pè é. Kò pè é. Adájọ́ ṣí ìwé dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ní ẹ̀rí kò tó, ó dá a sílẹ̀, ó ní kó máa lọ lálàáfíà.

Mujeeb sọ̀kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín.

A bọ́ síta gbangba, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Oòrùn mú. Alhaja ń pariwo "Alhamdulillahi", ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ láti dúpẹ́. Mujeeb ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọwọ́, ó ti kẹ̀yìn sí i. Alhaja gbé orí sókè. Kò dìde. Orí eékún rẹ̀ ló wà.

"Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ooo."

Mujeeb gbọ́ pé láti ibi tí ìyá òun wà ni ìpè ti wá. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìyá kì í pe ọmọ kí ọmọ dákẹ́.

"Mà?"

Ó ti jẹ́ ẹ.

Ó yíjú padà. Ìyá tó bí i lọ́mọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó so ọwọ́ pọ̀, ó tẹ orí ba bí ìyàwó.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú ká. Ẹnu Mujeeb ti ń sọ̀rọ̀, kò sì lè pa á dé mọ́.

"Ìyàwó wa, mo dì ọ́ lápá. O ní wàá tún pe bùọ̀dá mi ní Àbújá. Mo tì ọ́. Ọwọ́ rẹ ba irin àtẹ̀gùn, o dì í mú. O ń wò mí. Mo já ọwọ́ rẹ kúrò lára irin."

Lọ́yà Ayẹni dúró tì mí. Àpò rẹ̀ ti já bọ́. Mo dì í lẹ́wù mú.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ mú un padà wọlé!"

"Òfin ò lè fọwọ́ kàn án mọ́," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọn kì í tún èèyàn dá lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn kan náà."

Wọ́n gbé tìyá tọmọ lọ sílé ní Challenge. Láti ọjọ́ náà, Alhaja ò ní ohùn mìíràn ju ti Latifah lọ. Abdulmojeed ti Àbújá dé, kò lè sun ilé náà mọ́jú, ó padà. Àwọn àlùfáà wọlé, wọ́n jáde, wọn ò wí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bí Alhaja bá pè é, Mujeeb á jẹ́ ẹ. Alhaja á kúnlẹ̀, á bi í. Mujeeb á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dé orí irin. Ó tún di kí Alhaja pè é. Àwọn aládùúgbò ní Mujeeb kò jáde mọ́, ó ti gbẹ, àti pé ìyá rẹ̀ ló ń fún un lóńjẹ kó má baà kú.

Àánú Alhaja ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Mo ń lọ dúró lẹ́yìn ògiri ilé wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ń gbọ́ bí Mujeeb ṣe ń rojọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Títí di Jímọ̀ kan. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Lọ́jọ́ náà, ti Mujeeb kọ́ ni mo bá lọ. Ohùn àbúrò mi ni mo fẹ́ gbọ́, kó wí ohun mìíràn fún mi, ohunkóhun. Mo gbé ẹnu mọ́ ògiri.

"Latifah. Èmi ni."

Ohùn náà dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó rìn wá títí dé òdìkejì ògiri. Ó dúró síbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí.

"Àṣàbí," mo pe oríkì rẹ̀. Ẹkún ti gbà mí. "Àṣàbí mi, ṣé o gbọ́ mi?"

Ó gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ mi. Kò jẹ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ náà yí padà wọnú ilé, ohùn náà sì tún pe Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Mujeeb jẹ́ ẹ.