Ajá Mẹ́ta Ilé Oníyọ̀

Tanímọ̀la kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́bàá pẹpẹ ẹja, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an bí igi, itọ́ funfun gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ejò kò bù ú jẹ, ọkọ̀ kò gbá a. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló ṣì ń lé ológbò kiri àgbàlá.

Bó bá jẹ́ ilé mìíràn ni, wọn ì bá gbẹ́lẹ̀ sin ajá, kí wọ́n sì wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ilé oníyọ̀ ni ilé yìí. Wọn a ra ẹja tútù, wọn a là á, wọn a fi iyọ̀ pa á lára, wọn a rẹ ẹ́ sínú àgbá omi iyọ̀, wọn a wá sá a sórí pẹpẹ ní àgbàlá. Ajá mẹ́ta ló ń bá wọn ṣọ́ pẹpẹ náà lọ́wọ́ ẹyẹ àti ológbò: Tanímọ̀la, Kòséwu, àti Sùúrù tó jẹ́ abo. Bí ajá bá kú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ilé ló bọ́ sínú ewu.

Lọ́jọ́ tí Tanímọ̀la kú, Ẹ̀gbọ́n kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ẹ̀gbọ́n obìnrin fún Baba Oníyọ̀ tó ni iṣẹ́. Opó ni, kò bímọ, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti padà sílé bàbá wọn. Àbúrò rẹ̀ ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ni gbogbo àdúgbò bá ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Òun ló ń bọ́ àwọn ajá. Ó lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀ kan, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì fi máa dé, wọ́n ti sin ajá, ọ̀rọ̀ sì ti gba ìgboro kan.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Òdìkejì ọ̀nà ni obìnrin yìí ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn gan-an, kò sì sí ẹni tó wọlé tó jáde tí kò ní gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí àwọn ènìyàn ro ó dáadáa: obìnrin tí kì í sùn síta, ìgbà tó wá lọ sùn síta ni ajá kú? Ó ní ẹni tó fẹ́ ṣe ibi kì í dúró síbi tí wọn yóò ti rí i. Ó wá fi òwe kín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ.

Ẹ bá mi wò ó. Kò sí àjẹ́ kankan tó ké lánàá. Ìsìnkú ni obìnrin kan lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, èké ni gbogbo wọn ń du rà.

Ìyàwó, aya Baba Oníyọ̀, wà lára àwọn tó rà á. Ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń bímọ nílé ọkọ, síbẹ̀ Ìyàwó náà ni Ẹ̀gbọ́n ń pè é, Ẹ̀gbọ́n sì máa ń tú iṣẹ́ rẹ̀ wò: ẹja yìí kò là dáadáa, àgbá yẹn kò mọ́. Inú ti ń bí i tipẹ́tipẹ́, kò kàn rí ibi tí yóò sọ ọ́ sí ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n dé, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àwo àwọn ajá ni Ìyàwó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni màá máa bọ́ wọn."

"Kí ló dé? Ṣé mo ní ó rẹ̀ mí ni?"

"Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ọwọ́ yín má kan àwọn ajá mọ́."

"Àwọn wo?"

Baba Oníyọ̀ ló dáhùn láti ẹ̀yìn àgbá, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi náà wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀ yìí, ẹni tí òun pọ̀n sẹ́yìn títí tó fi lè rìn. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, láti ọjọ́ náà lọ kò sì sẹ́ni tó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́.

Kí ilé má bàa pàdánù ajá mìíràn, Baba Oníyọ̀ gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Ọgbọ́n àwọn oníyọ̀ ni, kò lè wá sọ́kàn ẹlòmíràn. Ohun tí ojú wọn ti rí láti kékeré ni pé ohun tí iyọ̀ bá wọ̀ kì í bàjẹ́: ìdin kì í kàn án, kì í rà, kì í rùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń ti inú jẹ àwọn ajá, kí iyọ̀ wọ̀ wọ́n nínú ká wo ohun tí yóò rí jẹ. Ìyàwó á bu orí ẹja nínú àgbá, á sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo lílọ̀, ọkọ rẹ̀ á sì bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan lé e. Àwọn ajá jẹ ẹ́. Kí ni ajá yóò ṣe?

Kò pẹ́ tí Kòséwu fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì títí kò fi ku nǹkan tí yóò bì mọ́, lẹ́yìn náà ló ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n káàkiri bí ọ̀mùtí, ó ń forí ti ògiri. Gìrì mú un lójú gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n dúró lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń japoró, kò sì gbọdọ̀ jáde lọ bá a. Nígbà tó kú tán, Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n rí i bí ó ṣe tẹjú mọ́ ajá náà láti ojú fèrèsé, ó ní ojú yẹn ló fi parí rẹ̀.

Bí a bá jáde, a jẹ̀bi; bí a bá dúró sínú ilé, a jẹ̀bi. Irú ẹjọ́ wo nìyẹn?

Ìyọnu wá di méjì. Sùúrù nìkan ló kù, kò sì lágbára láti gbó mọ́. Nírọ̀lẹ́, kannakánná á wọ́ wá, á bà sórí òrùlé yàrá Ẹ̀gbọ́n nítorí pé abẹ́ rẹ̀ gan-an ni pẹpẹ ẹja wà, á máa ké, á máa fò sílẹ̀ lọ gbé ẹja. Ẹnu tó yẹ kó sọ pé àìsí ajá ló mú ẹyẹ wá, òun náà ló ń sọ pé ẹgbẹ́ àjẹ́ Ẹ̀gbọ́n ló wá kí i yẹn. Àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n ní àwọn kò ra ẹja tí ẹyẹ àjẹ́ fẹnu kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ láti balùwẹ̀, ó gbọ́ ohùn nínú yàrá tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí. Pákó ni wọ́n fi gé yàrá náà, pákó ọ̀hún sì ti là. Ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ti Ìyàwó àti ti Aránṣọ. Aránṣọ ní òun mọ aríran kan tí kò gbé nítòsí, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò ní ṣojúsàájú. Ìyàwó béèrè pé bó bá wá dárúkọ ẹni tí àwọn rò ńkọ́?

Baba Oníyọ̀ ló dáhùn. "Bó bá dárúkọ rẹ̀," ó ní, "á kó ẹrù rẹ̀ jáde."

Ẹ̀gbọ́n kò sunkún. Àwọn kan á sunkún, òun kọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ro ibi tí obìnrin tó ti dàgbà, tí kò lọ́kọ tí kò lọ́mọ, tí wọ́n ti pè ní àjẹ́, yóò gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Kò rí ibì kankan.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó jáde lọ wẹ̀. Bó ti ń da omi sára ló gbọ́ ìró kan ní ìsàlẹ̀ ògiri níta, níbi tí omi balùwẹ̀ ti ń ṣàn jáde. Ó yọjú. Sùúrù ni. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń lá omi ọṣẹ. Nígbà tí omi ọṣẹ tán, ó ń lá ẹrẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n di ìró mọ́ra, ó lọ wo àwo omi àwọn ajá. Wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, aláǹtakùn ti ta òwú sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tò lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé ni ìyá wọn ti máa ń gbé orí ẹja kúrò nínú àgbá lálẹ́, á rẹ ẹ́ sínú omi lásán, á da omi náà nù láàárọ̀ kó tó sè é fún ajá. Á sì bu omi kún àwo láàárọ̀, á bu ún nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe láìrò ó, bí ẹni ń bọ́jú. Kò sẹ́ni tó bi í rí, òun náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ìyàwó tó bọ́ wọn nígbà tí òun lọ síbi ìsìnkú.

Ó bu omi sínú àwo. Sùúrù fi ìdí wọ́ wá, ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ tó kan omi, Ìyàwó ti yọ, ó sì fẹsẹ̀ da àwo náà nù.

"Èyí tó kù náà lẹ tún fẹ́ pa? Kí lẹ bù sínú rẹ̀?"

"Omi ni. Òùngbẹ ló ń pa ajá, Ìyàwó. Iyọ̀ yín ló ń pa wọ́n."

Baba Oníyọ̀ jáde, ó ń nu ojú oorun. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó ní iyọ̀ tí bàbá àwọn fi tọ́ àwọn ni yóò wá pa ajá? Òun tí òun ń tọ́ omi àgbá wò ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun ti kú ni?

"Ìwọ máa ń mu omi lé e," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Baba Oníyọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí aríran dé ná. Nílẹ̀, Sùúrù ń lá iyẹ̀pẹ̀ tí omi náà dà sí.

Aríran dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká. Aránṣọ ti gbé àga tirẹ̀ síwájú, bí ẹni wá wòran. Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n dúró láàárín. Aríran kò tíì ṣí àpò rẹ̀. Ó wo ajá tó wà nílẹ̀, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀ tó gbẹ, ó wá béèrè ohun tí ó ń jẹ.

"Ohun tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni," ni Ìyàwó wí.

"Irọ́ ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ Aránṣọ ì bá dákẹ́ ká ní ó ń ṣiṣẹ́. "Lọ gbé ìkòkò oúnjẹ ajá wá. Ẹ ti ń fẹnu yín jẹ mí láti ọjọ́ yìí, ẹ fi ẹnu kan náà tọ́ ọ wò."

Wọ́n gbé e wá. Baba Oníyọ̀ bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, iyọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàwó náà tọ́ ọ wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò purọ́. Iyọ̀ ti wà nínú èékánná wọn, nínú aṣọ wọn àti nínú oúnjẹ wọn pẹ́ débi pé ahọ́n wọn ti kú sí i, wọn kò sì mọ̀.

Aríran ti ìka kan bọ inú ìkòkò, ó fi kan ahọ́n. Ó tu ú dànù lójú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì rún. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i.

"Omi ajá dà?" ó béèrè.

Ìyàwó nawọ́ sí àwo gbígbẹ náà, Aríran sì yí i wò.

"Ta ló ń bu omi fún wọn tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ni," ni Baba Oníyọ̀ wí.

"Ìgbà wo ni wọn ò bù ú fún wọn mọ́?"

Baba Oníyọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tó dé... a ní kó má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

Aríran gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká padà láìṣí i. Ó ní òun kò rí àjẹ́ kankan níbí, àwo gbígbẹ lòun rí, bí wọ́n bá sì tún ránṣẹ́ pe òun nítorí irú rẹ̀, òun kò ní dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọn yóò fi wo ọ̀ọ́kán, àga Aránṣọ ti ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n ti kúnlẹ̀ ti ajá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bu omi náà fún un, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, á dúró, á tún bù ú, nítorí ẹni tí òùngbẹ ti pa pẹ́, bó bá mu àmuyíràá, omi náà lè pa á. Ó ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Baba Oníyọ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó dákun, ó ní èṣù ni.

"Má fi í lé èṣù lọ́rùn," ni Ẹ̀gbọ́n wí, kò wẹ̀yìn. "Ti Tanímọ̀la, ẹ ò mọ̀, mi ò sì sọ fún yín. Gbogbo wa la jọ ni ẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n Kòséwu, ẹnu yín ló pa á. Ẹ gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ń bu omi, ẹ wá ń béèrè ohun tó pa ajá. Ibi tí ẹ ti sọ pé àjẹ́ ni mí, ojúlé dé ojúlé, ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Inú yàrá kọ́ lẹ ti sọ ọ́. Èmi ò lọ ibì kankan. Ilé bàbá mi ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sùúrù ti lè dìde dúró. Ìyàwó kan ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi tútù kan, ìkíní tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà yóò gbé fún un láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó wo omi náà, ó wo orí Ìyàwó tó tẹ̀ ba sílẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí àgbàlá, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú àwo ajá.

Sùúrù mu ún tán, ó gbójú sókè pé kí wọ́n bù sí i.

"O gbọ́ ohun tó wí, Ìyàwó," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì na ife náà sí i. "Lọ bù sí i wá."