Kẹrosíìnì Nínú Ìgò Omi Margaret

Ní ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa máa ń kó ara wa jọ sí. Ẹni tó ń fọ abọ́ ń fọ abọ́, ẹni tó ń dáná ń tan sítóòfù, ẹni tí kò níṣẹ́ kankan ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Èmi Christianah, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Wọ́n ní mo máa ń kanra. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń rí ohun tí wọ́n ń gbé wá bá wa lójoojúmọ́ kò lè ṣe kó má kanra.

Ilé yìí ni Margaret dé sí ní ọdún 1992. Ọmọ Barbados ni, erékùṣù kékeré kan lókè òkun. Kò wá ṣòwò, kò sì wá fẹ́ ọkọ. Ẹgbẹ́ kan tó máa ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kiri ayé ló rán an wá, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè.

Ó dúdú bíi tiwa, ojú rẹ̀ sì jọ ti ará Ìjẹ̀bú. Ìyẹn gan-an ló kó o sí wàhálà. Bí ó bá dé ọjà Tejúòṣó, Yorùbá ni wọ́n máa ń sọ sí i. Bí ó bá rẹ́rìn-ín tí kò fèsì, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, ó ń ṣe òyìnbó sí mi." Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ òsì na owó sí ìyá aláṣọ kan. Ìyá náà gba aṣọ rẹ̀ padà, ó sì bú u dáadáa. Ẹkún ni Margaret sun wálé.

Ìyá Ṣítù, onílé wa, ló ṣìpẹ̀ fún un. Màmá jókòó tì í, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí a ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni ní nǹkan, àti pé omi la kọ́kọ́ ń fún ẹni tó bá wọlé tọ̀ wá wá. Margaret gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó tilẹ̀ gbọ́ ọ jù. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń kiri búrẹ́dì. Nígbà tí ó kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó wá gé iná wa, ojú ti ọkùnrin náà, ó sì lọ láìgé e. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti gbà pé ìkúnlẹ̀ Margaret lérè.

Ọ̀rọ̀ omi nìkan ni òun àti Màmá kò fẹnu kò lé lórí. Margaret kì í mu omi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Yóò sè é, yóò jẹ́ kó tutù, yóò wá rọ ọ́ sínú àwọn ìgò ńlá tí wọ́n fi ta omi ọsàn, yóò sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Ó tún ti ń se omi," Màmá á wí. "Ṣé ẹran ni, tí yóò fi jinná?"

"Màmá, ó dáa bẹ́ẹ̀ o," èmi á fèsì. "Kòkòrò wà nínú omi."

"Christianah, kí ni ìwọ kì í rí kòkòrò nínú ẹ̀?"

Sìmíátù, ọmọ ọmọ Màmá, ni ọ̀rẹ́ Margaret jù lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọwọ́ Màmá ló máa ń wà. Bí Margaret bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà á tẹ̀ lé kiri. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n Margaret ń fi ọwọ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí Sìmíátù bá fẹ́ omi, á na ìka mẹ́ta, á fi wọ́n kan àgbọ̀n rẹ̀. Margaret á gbé ìgò, á rọ omi sí kọ́ọ̀pù fún un, àwọn méjèèjì á wá kúnlẹ̀ fún ara wọn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń wò wọ́n.

Ó wá di àkókò kan tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú ní Èkó. Margaret tò, kò rí rà, nítorí ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bọ́ síwájú, á kúnlẹ̀ fún onítọ̀hún, á sì fàyè sílẹ̀. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ. Ó dun Màmá púpọ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ wá ràn wá lọ́wọ́, ebi ló wá ń pa á nílé mi," ó wí.

Nígbà tí ọkọ̀ epo já kẹrosíìnì sí ìtòsí wa, Màmá fúnra rẹ̀ lọ tò, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ kún, ó sì rí i pé kò sí ohun tí òun máa fi gbé ti Margaret. Ìgò ọsàn Margaret kan tó fi gbé omi mímu wá láti ilé ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n bá rọ ọ́ sí i. Nígbà tó dé, ẹ̀yìnkùlé ni Margaret wà tó ń fọ aṣọ. Màmá fẹ́ kó bá a lójijì kí inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù nínú yàrá Margaret, ó sì lọ kírun.

Ibẹ̀ ni Sìmíátù wọlé sí. Kò rí Margaret, ṣùgbọ́n ó rí ìgò. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ikọ́ la gbọ́. Margaret ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, èmi náà sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wà nílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ tutù, gbogbo yàrá ń rùn fún kẹrosíìnì. Kí n tó wọlé, Margaret ti gbé e lé itan, ó sì ń ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè bì.

"Margaret, yọ ọwọ́ rẹ," mo sọ fún un lédè òyìnbó. "Kò gbọ́dọ̀ bì."

Nígbà náà ni Màmá já wọlé láti ẹ̀yìn mi, ìgò epo pupa lọ́wọ́ kan, ṣíbí lọ́wọ́ kejì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lépo."

"Kí lo wí? Epo ló ń pa oró. Òun ni ìyá mi fún mi, òun ni mo fún Ṣítù nígbà tó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Kúrò lọ́nà."

"Màmá, epo máa jẹ́ kó bì ni. Bó bá bì, kẹrosíìnì á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ, kì í ṣe inú ikùn."

"Ṣé kí n wá káwọ́ gbera kó kú sójú mi?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn ní ìsinsìnyí."

Màmá kò gbọ́. Kò sì yà mí lẹ́nu, ọmọ rẹ̀ ló ń wúkọ́ yẹn. Àgbà ni, onílé mi sì ni, n kò lè tì í dànù. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí pé èémí ọmọ náà ti ń há.

Margaret kò gbọ́ ìdajì ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ojú mi wà. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ tó mú ṣíbí mú.

"Màmá," ó wí, "mo kúnlẹ̀. Epo, rárá. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá mi. Epo, rárá."

Ìkúnlẹ̀ tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà nìyí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò jiyàn pẹ̀lú Màmá rí ló ń sọ fún un pé rárá. Màmá wò ó títí, ó sì jọ̀wọ́ ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ gbé e," ó wí. "Ẹ gbé ọmọ mi lọ."

Mo bọ́ ẹ̀wù tí kẹrosíìnì ti rin, mo fi omi àti ọṣẹ nu ara rẹ̀ kíá, mo fi ìró Margaret wé e. Abọ́dúndé tó ń gbé òdìkejì wa fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa, Màmá náà bá wa lọ. Mo gbé ọmọ náà jókòó sí àyà mi kó lè mí dáadáa. Margaret gbé ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Bí a ti dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn bò ó nímú. Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí gbọ́ àyà rẹ̀, ó yíjú sí wa.

"Kí lẹ ti fún un nílé? Epo? Mílíìkì?"

"A ò fún un ní nǹkan kan," mo wí.

"Ẹ ṣeun. Àwọn tí wọ́n ti rọ epo sí lẹ́nu ni wàhálà wọn máa ń pọ̀ jù."

Ó ní ọmọ náà yóò sun ibẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Margaret ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé ìgò òun ló fa gbogbo rẹ̀.

"Sọ fún un pé òun kọ́," Màmá wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n rọ kẹrosíìnì síbi tí à ń mu omi. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ni mo fi gbé epo." Ó fi etí ìró nu ojú. Èmi tí mo ti to èébú sílẹ̀ láti ọ̀nà, mo gbé e mì. Margaret fi orí lé èjìká Màmá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, èémí Sìmíátù balẹ̀, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ náà. Dókítà ní ó ti lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wò wá yí ká, ó na ìka mẹ́ta, ó fi kan àgbọ̀n rẹ̀.

Margaret ló kọ́kọ́ yé. Ó bu omi, ó sì ń gbé e bọ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Màmá gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó fi sí ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí Sìmíátù mu tán, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ fún Margaret lórí ibùsùn. Mo jáde lọ sí ìta láti lọ sunkún.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará àdúgbò, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò le. Ẹ má ṣe rọ kẹrosíìnì, epo mọ́tò tàbí oògùn ẹ̀fọn sínú ìgò tí ẹnikẹ́ni lè mu omi nínú rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ pé ẹ kánjú tó. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ fún un, ẹ kun ún lọ́dà, ẹ dé e pa, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Bí ọmọ bá sì ti mu ún, ẹ fi epo pupa sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá tutù lára rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání. Kódà bó bá ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, nítorí ó lè tó wákàtí mélòó kan kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Margaret ti padà sí Barbados báyìí. Kẹ́ẹ̀gì pupa ló kù lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan nílé wa, tí a so kọ́ sókè. Bí ẹ bá yà kí wa, omi la ó kọ́kọ́ fún yín. Ẹ má bínú bí Màmá bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.