Bíńtín àti Oòrùn Bàbá Àgbà

Bíńtín nìyí. Ó kéré! Ó kéré débi pé eèrà máa ń kí i pé, "Ẹgbẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

Láàárọ̀ yìí, Bíńtín wọ yàrá Bàbá Àgbà.

Àga wà níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ìgò tàdáwà dúdú wà níbẹ̀.

Bàbá Àgbà ò sí níbẹ̀. Bàbá Àgbà ti kú.

Ayàwòrán ni Bàbá Àgbà. Kò sẹ́ni tó mọ sánmọ̀ yà tó wọn láyé! Tí wọ́n bá ya òjò, gbogbo àdúgbò á sáré lọ ká aṣọ tí wọ́n sá.

Èyí tí wọ́n yà gbẹ̀yìn wà lórí tábìlì. Kò ní igi. Kò ní ilé. Kò ní èèyàn. Tàdáwà lásán ni, lórí bébà funfun. Ó ki níbí, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, bí ojú sánmọ̀ nígbà tílẹ̀ ń mọ́ bọ̀.

Láàárín ẹ̀, àyè funfun kan wà. Rogodo.

"Háà! Bàbá Àgbà ò parí ẹ̀," ni Bíńtín wí. "Màá bá wọn parí ẹ̀."

Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà. Pọ̀ṣọ̀! Ó kùn ún. Fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀. Àyè funfun ṣókùnkùn biribiri.

Màmá Àgbà wọlé. Wọ́n wo àwòrán. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, "tàdáwà ò lè ya ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ni bàbá yín máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Funfun yẹn, oòrùn ni."

Yéè! Bíńtín ti pa oòrùn!

Ẹlẹ́nu, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, yọjú. "Ọ̀gá ayàwòrán! O ti jẹ́ kílẹ̀ ṣú láàárọ̀ kùtù!"

"Ẹlẹ́nu, panu ẹ dé," ni Màmá Àgbà wí.

Bíńtín fi omi nu ún. Dúdú. Ó fi èékánná ha á. Dúdú. Bàbá Àgbà ò sì lè ya òmíràn mọ́.

Bíńtín bú sẹ́kún. Híìn, híìn, híìn! Ẹkún yẹn pọ̀! Ọkọ̀ ojú omi lè gba yàrá yẹn kọjá.

Màmá Àgbà náà sunkún. Ẹlẹ́nu náà sunkún, àmọ́ ó ní eruku ló kó sóun lójú.

Nígbà tó yá, tàdáwà gbẹ. Omijé náà gbẹ díẹ̀.

"Màmá Àgbà," ni Bíńtín wí, "tí mo bá ṣí àyè yẹn padà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n gé e."

"Ó bà á jẹ́ tán, ó tún fẹ́ gé e!" ni Ẹlẹ́nu pariwo.

Màmá Àgbà wo àwòrán. Wọ́n wo Bíńtín. Wọ́n wá na sísọ́ọ̀sì sí i.

"Rọra o."

Kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́. Dúdú já bọ́. Ó ku ihò, rogodo.

Ẹlẹ́nu bá a lẹ àwòrán náà mọ́ fèrèsé. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Kò sí nǹkan kan. Kùrukùru bo ìta.

Kùrukùru sún díẹ̀.

Wàà! Oòrùn gba inú ihò wọlé. Ó tàn sílẹ̀. Ó tàn sójú Màmá Àgbà.

"Ká ní bàbá yín rí èyí," ni Màmá Àgbà wí, "wọn ì bá jowú!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

"Ṣé wọ́n máa padà wá?" ni Bíńtín béèrè.

"Rárá, ọkọ mi. Wọn ò ní padà wá."

Bíńtín sún mọ́ Màmá Àgbà. Ẹlẹ́nu náà sún mọ́ wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn lórí ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń rìn, àwọn náà ń fi ìdí wọ́ tẹ̀lé e, Màmá Àgbà gan-an, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, kó má baà kúrò lára wọn.